Ìyìn Tí Ó Wà Lára Ìwé: Bí A Ṣe Lè Mọ Ìwọ̀n Rẹ̀ Nígbà Tí Òǹkọ̀wé Bá Tẹ Ìwé Fúnra Rẹ̀

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ní Kàbà, ní ilẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, nínú gbọ̀ngàn kan tí kò jìnnà sí ọjà, wọ́n kó ìwé tuntun kan jáde. Ọmọ ilẹ̀ Ìjùmú kan ni ó kọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì san owó títẹ̀ rẹ̀. Ìtàn kéékèèké mẹ́sàn-án ni ó wà nínú rẹ̀. Àdúgbò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ṣẹlẹ̀, àwọn ènìyàn kan náà ni ó sì ń wọlé tí wọ́n ń jáde nínú wọn. Nígbà tí ètò parí, bàbá olùkọ́ kan tí wọ́n ti fẹ̀yìntì mú ẹ̀dà kan, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n ka gbogbo ọ̀rọ̀ ìyìn tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n wá fi ìka kan àmì róbótó aláwọ̀ wúrà tí a lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀. Wọ́n ní, “Okun o, ọmọ mi. Ta ni ó fún ìwé yìí ní àmì yìí? Ṣé ìjọba ni? Kí ni ó sì fi yàtọ̀ sí ìyìn tí alága ń yin ín lẹ́ẹ̀kan?”

Mo dá bàbá lóhùn lórí ìdúró, ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀ dáadáa. Ìbéèrè wọn sì tóbi ju ìdáhùn orí ìdúró lọ, nítorí pé láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Lọ́kọ́ja ni a ti ń rí irú àmì àti ọ̀rọ̀ ìyìn bẹ́ẹ̀ lára ìwé, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì mọ èyí tí ó wúwo àti èyí tí ó fúyẹ́. Àwọn kan a gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Àwọn mìíràn a ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kì í ti ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó gbé ìwé náà jáde. Àṣìṣe ni èrò méjèèjì, wọ́n sì ń pa òǹkọ̀wé àti òǹkàwé lára, ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti ṣàlàyé rẹ̀ ní kíkún.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ìwé tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àkójọ ìtàn kéékèèké wà tí ó jẹ́ pé kò sí ohun tí ó so àwọn ìtàn inú rẹ̀ pọ̀ ju pé ẹnì kan náà ni ó kọ wọ́n. Ìtàn àròsọ gígùn wà, èyí tí ènìyàn kò lè fo orí kẹta rẹ̀ kí orí kẹrin sì yé e. Ìwé ìtàn tí ó so kọ́ra wà láàrin àwọn méjèèjì. Ó dà bí agbo ilé: yàrá kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, àlejò lè wọ ọ̀kan, kí ó jókòó, kí ó jẹun, kí ó sì máa lọ láìyọjú sí ìkejì, ṣùgbọ́n àgbàlá kan náà ni gbogbo wọn dojú kọ, ẹni tí ó bá sì pẹ́ níbẹ̀ ni yóò mọ ẹni tí ó bí ta ni, àti ẹni tí kì í kí ta ni. Ẹni tí ó kàn kọjá lọ ní ìlà méjì péré nínú ìtàn kan lè jẹ́ ẹni tí ìtàn mìíràn dá lé lórí látòkèdélẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni òǹkọ̀wé irú ìwé yìí gbà ṣe pọ̀: ìtàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá pé, ó sì gbọ́dọ̀ ní ohun tí òǹkàwé kò ní rí àfi bí ó bá ka gbogbo wọn tán.

Ipò àárín tí ìwé náà wà yìí ni ó ń dá rúdurùdu sílẹ̀ nígbà tí ìyìn bá dé, nítorí pé àwọn tí ń fúnni ní ẹ̀bùn a máa pín ìwé sí ọ̀wọ́, ìwé yìí kì í sì í fẹ́ wọ inú ọ̀wọ́ kankan pátápátá. Ní Amẹ́ríkà, ìtàn gígùn nìkan ni ẹ̀bùn Pulitzer ti ìtàn àròsọ wà fún níbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1948 ni wọ́n yí orúkọ ọ̀wọ́ náà padà kí àkójọ ìtàn kéékèèké lè wọ ibẹ̀, James Michener sì ni ó gbà á ní ọdún náà gan-an, ìwé ìtàn tí ó so kọ́ra ni ó sì fi gbà á. Ní ọdún 2009, Elizabeth Strout tún fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà á, ìtàn 13 nípa obìnrin kan àti ìlú kékeré tí ó ń gbé. Ẹni tí ó bá sọ pé ìwé ìtàn tí ó so kọ́ra kì í ṣe ìwé gidi, kí ó rántí èyí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti àtẹ̀-fúnra-ẹni. Ilé ìtẹ̀wé yàtọ̀ sí ilé-iṣẹ́ tí ń gbé ìwé jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu wa sábà máa ń pa wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé ni láti gba owó, kí ó tẹ ohun tí a gbé wá, kí ó sì dì í. Ilé-iṣẹ́ tí ń gbé ìwé jáde a máa yan ìwé, a máa san owó olótùú, owó àwòrán iwájú àti owó títẹ̀, a máa tà á, a sì máa fún òǹkọ̀wé ní ìdá kan nínú èrè. Ẹni tí ó tẹ ìwé fúnra rẹ̀ ti gba gbogbo iṣẹ́ yìí sí ọrùn ara rẹ̀. Ohun tí ó ń pàdánù jù ni ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ pé, “A ti kà á, ó yẹ.” Nítorí pé kò sí ẹni yẹn ni ìyìn láti ìta fi ṣe pàtàkì sí i tó bẹ́ẹ̀, òun náà ni ó sì fà á tí àwọn kan fi ń sọ ìyìn di ọjà títà.

Ohun kan wà tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, èyí ni nọ́ńbà ISBN tí ó wà lẹ́bàá àwọn ìlà dúdú ní ẹ̀yìn ìwé. Mo ti gbọ́ kí àgbà kan sọ ọ́ tìdánilójútìdánilójú pé ìjọba àpapọ̀ ti yẹ ìwé tí ó bá ní nọ́ńbà yìí wò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ ti Nàìjíríà ni ó ń fúnni ní nọ́ńbà náà, òǹka 13 ni ó sì ní láti ọdún 2007. 978 ni nọ́ńbà ọ̀pọ̀ ìwé lágbàáyé fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣe kòńgẹ́ pé 978 náà ni ti orílẹ̀-èdè wa, ìdí nìyẹn tí ìwé tí a gba nọ́ńbà rẹ̀ nílé fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978. Bí nọ́ńbà ọkọ̀ ni ó rí: ó ń sọ ọkọ̀ tí ó jẹ́, kò sọ bóyá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára. Òfin Ilé-Ìkàwé náà, ti ọdún 1970, tún ní kí ẹni tí ó gbé ìwé jáde kó ẹ̀dà mẹ́ta fún wọn. Kì í ṣe fún ìdánwò, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ ni kí ìwé náà má baà run. Mo rọ gbogbo òǹkọ̀wé ilẹ̀ Okun pé kí wọ́n má ṣe fi èyí falẹ̀, torí pé mo ti wá ìwé tí ọmọ ìlú wa kan kọ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn títí, n kò rí i níbì kankan.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àṣà àìpẹ́ ni kí òǹkọ̀wé máa gbé iṣẹ́ ara rẹ̀ jáde. Láti ọdún 1929 sí 1930, Isaac Thomas gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde ní Èkó, díẹ̀díẹ̀, bí lẹ́tà tí obìnrin kan ń kọ, nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tí òun fúnra rẹ̀ ni tí òun náà sì ń ṣe olótùú rẹ̀. Kò sí onídàájọ́ kankan tí ó fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Àwọn òǹkàwé ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà nípa obìnrin yìí bí ẹni pé ó wà láàyè, tí wọ́n ń káàánú rẹ̀ tí wọ́n sì ń bá a wí. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ fi ń ka ìtàn náà sí ọ̀kan pàtàkì nínú ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn àròsọ Yorùbá.

Ìyìn àkọ́kọ́ tí ìwé máa ń gbà lọ́dọ̀ wa ni ti ọjọ́ ìkójáde. Alága á wà, olùfilọ́lẹ̀ àgbà á wà, àwọn ọba á rán ìjòyè wá, ẹni tí a pè láti ṣe àgbéyẹ̀wò ìwé á dìde, àwọn ènìyàn á sì máa ra ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní ìlọ́po owó rẹ̀. Mo ní ọ̀wọ̀ fún àṣà yìí, nítorí pé owó tí a rí lọ́jọ́ náà ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé fi ń san gbèsè ilé ìtẹ̀wé. Ọ̀wẹ̀ ni. Bí a ṣe ń péjọ sí oko ẹni tí ó ń kọ ebè, bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe péjọ sí gbọ̀ngàn ẹni tí ó kọ ìwé, ẹni tí ó sì wá ṣe ọ̀wẹ̀ kò wá wo bóyá iṣu náà yóò ta. Ìyìn ọjọ́ ìkójáde ń sọ fún wa pé a fẹ́ràn ẹni yìí, a sì fẹ́ kí ó tẹ̀síwájú. Ọ̀rọ̀ ńlá ni ìyẹn, ṣùgbọ́n nípa ènìyàn ni, kì í ṣe nípa ìwé. Àgbéyẹ̀wò nìkan ni ó lè kọjá ibẹ̀, bí ẹni tí ó ń ṣe é bá dárúkọ ìtàn, tí ó ka ìlà kan sí etí wa, tí ó sì ní ìgboyà láti sọ ibi tí ó kù sí.

Ọ̀rọ̀ ìyìn ẹ̀yìn ìwé tẹ̀ lé e. Kí ìwé tó jáde ni òǹkọ̀wé ti ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí orúkọ wọn ti lókìkí. Nígbà mìíràn wọ́n a ka gbogbo rẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n a ka ìtàn méjì. Bí ẹ bá rí àmì mẹ́ta (...) tó tò tẹ̀ léra wọn láàrin gbólóhùn, ẹ mọ̀ pé a ti gé nǹkan kúrò níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé gígùn ni a gé, ó sì lè jẹ́ pé “ṣùgbọ́n” ni a gé.

Àgbéyẹ̀wò tí a san owó fún ni ó nílò àlàyé jù. Kirkus jẹ́ ìwé àgbéyẹ̀wò tí ó ti wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1933, ó sì ní ẹ̀ka kan fún àwọn tí ó tẹ ìwé fúnra wọn. Òǹkọ̀wé yóò san owó tí ó lé ní 400 dọ́là, ẹnì kan tí a kò dárúkọ yóò ka ìwé náà, yóò sì kọ ohun tí ó rí. Owó náà kò ra ìyìn: àgbéyẹ̀wò náà lè korò bí ewúro. Ṣùgbọ́n bí ó bá korò, òǹkọ̀wé lè sọ pé kí wọ́n má gbé e jáde, nítorí náà èyí tí òǹkọ̀wé fọwọ́ sí ni àwa òǹkàwé ń rí. Publishers Weekly, ìwé ìròyìn àwọn tí ń gbé ìwé jáde ní Amẹ́ríkà, náà ṣí ètò BookLife sílẹ̀ ní ọdún 2014. Nígbà náà, òǹkọ̀wé lè fi ìwé sílẹ̀ níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀ kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọn yóò ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀, wọn kì í sì í mú gbogbo rẹ̀. Èyí tí a yàn láìgba owó wúwo ju èyí tí a san owó fún lọ ní ojú tèmi, bí ọ̀rọ̀ inú méjèèjì tilẹ̀ jọra.

Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí ẹ̀bùn, nítorí pé ibẹ̀ ni ìbéèrè bàbá wà. Ní ọdún 2000, Helon Habila, ọmọ Káltúngò ní Ìpínlẹ̀ Gòmbè, tí ó ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn ní Èkó nígbà náà, fúnra rẹ̀ gbé àkójọ ìtàn kan jáde nípa ọgbà ẹ̀wọ̀n àti ìjọba ológun. Ẹ̀bùn Caine, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà fún ìtàn kékeré láti ilẹ̀ Áfíríkà, kò gba ìtàn tí a kò tíì tẹ̀ jáde. Ìwé àtẹ̀-fúnra-ẹni yẹn ni ó jẹ́ kí ìtàn rẹ̀ lè wọlé. Ní ọdún 2001, ìtàn kan nínú rẹ̀ gba ẹ̀bùn náà pẹ̀lú 15,000 dọ́là, ìtàn akọ̀ròyìn kan tí ó wà lẹ́wọ̀n, tí ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n sì ń fipá mú kí ó máa kọ ewì ìfẹ́ fún obìnrin tí ọ̀gá náà ń dẹnu kọ. Ẹ kíyè sí i: ìtàn kan ṣoṣo ni ó gba ẹ̀bùn. Ìwé kọ́. Lẹ́yìn èyí ni ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù gba iṣẹ́ náà, ó gbé e jáde ní ọdún 2002 ní ìrísí àwọn ìtàn tí ó yí akọ̀ròyìn yẹn ká, ó pè é ní ìtàn àròsọ gígùn, ìwé yẹn lódindi ni ó sì wá gba ẹ̀bùn Commonwealth fún ìwé àkọ́kọ́ ní ẹkùn Áfíríkà ní ọdún 2003. Ìyìn méjì ni, fún ohun méjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orísun kan náà ni wọ́n ti jáde.

Irú ìyàtọ̀ yìí ni ó wà lára ìwé tí bàbá gbé dání. Mo gbé e lọ sí ojú fèrèsé, mo sì ka àwọn lẹ́tà wínníwínní tí ó yí àmì wúrà náà ká: ìtàn kẹrin nìkan ni ó dé ìpele àṣekágbá nínú ìdíje ìtàn kékeré kan. Kì í ṣe irọ́, òǹkọ̀wé kò sì pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí wúrà láti òkèèrè yóò rò pé gbogbo ìwé ni ó gbégbá orókè. Dídé ìpele àṣekágbá kì í ṣe ohun kékeré, ó túmọ̀ sí pé àwọn onídàájọ́ mú ìtàn náà láàrin ọ̀pọ̀, kí a ṣáà máa sọ ọ́ bí ó ti rí.

Àwọn ẹ̀bùn kan kò tilẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún ìwé àtẹ̀-fúnra-ẹni. Ẹ̀bùn Booker ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gba ìwé tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó gbé e jáde, nítorí náà bí ẹ kò bá rí orúkọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe pé a kà á tí kò yẹ. A kò kà á rárá. Nítorí èyí ni àwọn ẹ̀bùn mìíràn ṣe dìde fún àwọn tí ó ń dá ìwé gbé jáde láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá, bí IPPY (Independent Publisher Book Awards) ti Amẹ́ríkà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1996. Ẹ̀bùn tòótọ́ ni, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ń san owó ìwọlé, ọ̀wọ́ rẹ̀ sì pọ̀ lọ súà, pẹ̀lú mẹ́dàlì wúrà, fàdákà àti idẹ. Bí ẹ bá rí irú mẹ́dàlì bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè ọ̀wọ́ tí ó ti gbà á. Èyí tí ó yẹ kí òǹkọ̀wé sá fún ni ìdíje tí kò dárúkọ onídàájọ́ kankan, tí gbogbo ẹni tí ó wọlé ń gba nǹkan, tí wọ́n sì tún ń ta sítíkà àmì náà fún un lẹ́yìn náà. Mo mọ òǹkọ̀wé kan ní ìhà Yàgbà tí ó ná owó títẹ̀ ẹ̀dà kejì ìwé rẹ̀ sórí irú rẹ̀, ó sì dùn mí dọ́kàn.

Ti “ìwé tí ó tà jù” lórí Amazon, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀wọ́ kékeré-kékeré ni wọ́n pín ìwé sí níbẹ̀, ipò ìwé kọ̀ọ̀kan sì ń yí padà láàrin wákàtí díẹ̀, nítorí náà ẹ̀dà tí kò pọ̀ lè gbé ìwé dé orí òkè ọ̀wọ́ kan fún ọ̀sán ọjọ́ kan. Ìràwọ̀ àwọn oníbàárà náà, ilé-iṣẹ́ yẹn kò fọwọ́ sí i kí ẹbí àti ọ̀rẹ́ òǹkọ̀wé máa kọ ìyìn síbẹ̀, ó sì máa ń pa á rẹ́ bí ó bá mọ̀. Kí àwọn tí ó ń bẹ gbogbo ìdílé pé kí wọ́n lọ fi ìràwọ̀ márùn-ún síbẹ̀ ṣọ́ra.

Síbẹ̀, ohùn òǹkàwé lè gbé ìwé kọjá ibi tí onídàájọ́ kankan lè gbé e dé. Ní oṣù keje ọdún 2011, Hugh Howey ní Amẹ́ríkà gbé ìtàn kan ṣoṣo sórí Kindle, ibi tí Amazon ti ń ta ìwé tí a ń kà lórí ẹ̀rọ, ó parí, ó pé. Àwọn tí ó kà á ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìyókù. Ó kọ òmíràn tí ó so mọ́ ọn, ó tún kọ òmíràn, títí ó fi di márùn-ún tí ó kó wọn jọ sínú ìwé kan. Nígbà tí Simon & Schuster, ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń gbé ìwé jáde, dé, ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé nìkan ni ó tà fún wọn, ó di ti íntánẹ́ẹ̀tì mú, ní ọdún 2023 sì ni ó di eré orí tẹlifíṣọ̀n. Ìwé ìtàn tí ó so kọ́ra bá irú ìdàgbà yìí mu gan-an, nítorí pé ìtàn kan lè jáde lọ wá ojúrere òǹkàwé fún àwọn àbúrò rẹ̀.

Bí mo ṣe ń wá bí n ó ti ṣe àlàyé gbogbo èyí fún bàbá nínú ariwo ọjọ́ náà, obìnrin kan tí ó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìyàrà kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní òun gbọ́ ohun tí à ń sọ. Ó ti gba ìwé náà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ó sì ti kà á tán. Ó ní, “Bàbá, ìyá tí ń ta irú nínú ìtàn kejì ni ọmọdébìnrin tí ó sá nílé nínú ìtàn keje. Wọn kò sọ fún wa. Àpá iná tí ó wà lẹ́yìn ọwọ́ òsì rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n, ó wà ní ojú ewé 31, ó sì tún wà ní ojú ewé 118. Mo padà lọ ka ìtàn kejì, mo wá rí i pé ní gbogbo ìgbà tí ó ń wọn irú yẹn fún oníbàárà, ọ̀nà tí ó wá láti ìlú wọn ni ojú rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn kẹsàn-án tí gbogbo ìlú péjọ, kò sí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè rẹ̀. Ìyẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn.”

Òǹkọ̀wé náà ti dé ẹ̀yìn wa láìjẹ́ pé a mọ̀. Ó ní kí obìnrin náà bá òun kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ibi tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn náà, kí òun lè fi sí ẹ̀yìn ìwé nígbà tí òun bá tún un tẹ̀. Bàbá kò béèrè àmì wúrà lọ́wọ́ mi mọ́. Wọ́n fa àga kan súnmọ́ fèrèsé, wọ́n jókòó, wọ́n sì ṣí ìwé náà sí ojú ewé 31.